Ṣé ó dára kí n gbé ìdí Honda CG125 àtijọ́ sókè, kí n sì wọ táyà tó sanra fún un?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ṣakí ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Bàbá mi fi Honda CG125 kan sílẹ̀ fún mi, tuntun ni wọ́n rà á ní 1984. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ti rì wálẹ̀, iwájú rẹ̀ máa ń gbá mi lọ́wọ́ nínú gbogbo kòtò, bí mo bá sì ti ń sún mọ́ 60 lórí títì ọlọ́dà ni hándù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo fẹ́ kí ó dúró bí àwọn tí mo ń rí nínú àwòrán: kí ìdí rẹ̀ ga, kí iwájú rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀, kí táyà rẹ̀ sanra, kí ó sì ní eyín ńláńlá. Mẹkáníìkì mi ní òun yóò wá ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn tó fi sẹ̀ǹtímítà 5 gùn ju èyí tó wà níbẹ̀ lọ, òun yóò fa ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì iwájú sókè díẹ̀, òun yóò sì wọ táyà 100/90-18 síwájú àti sẹ́yìn. Ṣé kò ní léwu? Ṣé gbígbọ̀n náà yóò lọ?"

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá yín sí afẹ́fẹ́ rere. Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, ẹ fẹ́ kí a wo àìsàn tó ń ṣe alùpùpù náà, kí a yí ìdúró rẹ̀ padà, kí a sì pààrọ̀ táyà rẹ̀. Mẹkáníìkì yín ti di gbogbo rẹ̀ sínú ẹrù kan ṣoṣo, bí ẹni pé bí ìdí bá ti ga tí táyà sì sanra, àìsàn yóò bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ṣe gbogbo ohun tó dárúkọ yìí láìkọ́kọ́ tún ohun tó ti jẹ ṣe, gbígbọ̀n náà yóò le sí i, kò sì ní dúró de 60 mọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Èyí kò túmọ̀ sí pé ohun tí ọkàn yín fẹ́ kò ṣeé ṣe. Ó ṣeé ṣe, ó sì lè dára gan-an, ṣùgbọ́n àtúnṣe ni yóò ṣáájú, ẹwà tó bá sì tẹ̀lé e gbọ́dọ̀ ní ìwọ̀n.

Ó yẹ kí ẹ mọ irú ohun tí ẹ jogún. Ní 1976 ni Honda gbé CG125 jáde, àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀nà wọn kò dán ni wọ́n sì ní lọ́kàn, níbi tí a ti ń kó èèyàn àti ẹrù lé alùpùpù ju bó ti yẹ lọ, tí ẹni tó ni ín kì í sì í rántí pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ ọ̀pá ni ó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kì í ṣe ṣéènì inú tí ó máa ń fẹ́ ìtọ́jú. Ìdí kan náà ni a fi rí ṣọ́ọ̀kì méjì lásán lẹ́yìn, bíréèkì onídùrọ́ọ̀mù, àti àpótí irin tó bo ṣéènì lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Gbogbo rẹ̀ ni a wọ̀n fún olùkọ́ tó ń lọ sí iléèwé abúlé, fún àgbẹ̀, fún oníṣòwò tó di ẹrù sẹ́yìn. Ẹ̀yà ara rẹ̀ kò sì ṣòro rí lọ́jà títí di òní, nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà ti ṣe irú rẹ̀ jáde lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni yóò jẹ́ kí owó àtúnṣe yín mọ níwọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn tó rì. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ṣọ́ọ̀kì tó kúrú ló ń mú kí ìdí alùpùpù jókòó, nítorí náà wọ́n á wá èyí tó gùn. Ti yín kò kúrú nígbà tó kúrò ní ilé-iṣẹ́. Sípíríǹgì tó ti ru ẹrù fún ogójì ọdún ni ó ti rẹ̀, ọ́ìlì tó wà nínú ikùn ṣọ́ọ̀kì sì ti jò tán. Ẹ gbé alùpùpù náà sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fi gbogbo agbára yín tẹ síìtì mọ́lẹ̀, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì. Bí ó bá gòkè lẹ́ẹ̀kan tó sì dúró jẹ́ẹ́, ṣọ́ọ̀kì náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá ń ta sókè sódò lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò sí ọ́ìlì kankan nínú rẹ̀ mọ́, sípíríǹgì nìkan ni ẹ jókòó lé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé e sórí sítáńdì àárín, ẹ di táyà ẹ̀yìn mú, kí ẹ máa tì í sí ọ̀tún, kí ẹ máa fà á sí òsì. Bí ẹ bá gbọ́ kọ̀, kọ̀, tàbí tí ọwọ́ yín mọ̀ pé irin tó gbé táyà ẹ̀yìn, èyí tí a ń pè ní suwíǹgáàmù, ń mì níbi tó ti so mọ́ ara alùpùpù, búṣìn rẹ̀ ti jẹ. Búṣìn yìí kò wọ́n, ṣùgbọ́n mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé nínú àwọn CG àtijọ́ tó ń wá sọ́dọ̀ mi, òun ni nǹkan tí wọn kì í sábà pààrọ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á.

Ti iwájú tó ń gbá yín lọ́wọ́ fẹ́ kí ẹ túbọ̀ fara balẹ̀. Nínú ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì iwájú kọ̀ọ̀kan, ọ́ìlì díẹ̀ wà tó ń gba inú ihò tóóró kọjá nígbà tí ọ̀pá bá ń wọlé àti nígbà tí ó bá ń jáde. Ìfúnpá yẹn ni ó ń mú kí kòtò má ṣe dé apá yín. Ọ́ìlì tó fúyẹ́ ni ó yẹ níbẹ̀, irú 10W tí a ń tà fún ṣọ́ọ̀kì, tàbí ATF tí wọ́n ń lò fún gíà ọkọ̀ tó ń yí gíà fúnra rẹ̀ (ọ́tómátíìkì), èyí tí Honda fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí fún ọ̀pọ̀ alùpùpù rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Ohun tí mo sábà máa ń bá nínú rẹ̀ ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì 40, tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè gba ihò yẹn kọjá lásìkò, pàápàá ní òwúrọ̀ ọyẹ́. Bí táyà bá já sí kòtò, ọ̀pá kò ní lè wọlé, gbogbo ìkọlù náà yóò sì gba hándù bọ́ sí ọwọ́ yín. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹnì kan ti gé páìpù omi fi lé orí sípíríǹgì kí iwájú má bàa rì, ó sì ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ débi tí kò ní ibi tí yóò lọ mọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó pààrọ̀ ohunkóhun, ẹ tú u, ẹ da ọ́ìlì rẹ̀ nù, kí ẹ wo ohun tó wà lórí sípíríǹgì, kí ẹ sì rọra ṣí ìdérí òkè, nítorí sípíríǹgì náà ń tì í láti ìsàlẹ̀, ó sì lè fò gbá ènìyàn lójú. Ìwọ̀n ọ́ìlì gbọ́dọ̀ dọ́gba ní ọ̀pá méjèèjì.

Bí ẹ bá ti wà níbẹ̀, ẹ fi èékánná àtàǹpàkò yín rìn lára ọ̀pá dídán náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní ibi tí síìlì máa ń gbà kọjá. Bí èékánná bá kọ́ ibì kan, ìpẹtà ti gbẹ́ ihò síbẹ̀. Síìlì tuntun tí ẹ bá fi sí orí irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ yóò jò kí oṣù tó pé, nítorí pé etí ihò yẹn ń gé rọ́bà rẹ̀ bí abẹ. Ọ̀pá tuntun, tàbí èyí tó mọ́ láti ara CG mìíràn, ni ojútùú rẹ̀, kí ẹ sì fi rọ́bà onípele bò ó nítorí erùpẹ̀ pupa yàǹgì tó pọ̀ ní agbègbè yín.

Wàyí o, gbígbọ̀n hándù. Ohun tó sábà ń fà á ni bẹ́árìn ọrùn alùpùpù, búṣìn suwíǹgáàmù tí mo ti mẹ́nu bà, ríìmù tó wọ́, sípóòkù tó dẹ̀, tàbí táyà tó ti gbó tí kò sì rí róbótó mọ́. Ẹ ti igi tàbí bíríkì sábẹ́ ẹ́ńjìnnì kí táyà iwájú kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì fi ìka kan ṣoṣo rọra yí hándù láti òsì sí ọ̀tún. Ó yẹ kí ó máa yọ̀ lọ bí ìgbà tí ọwọ́ bá ń kọjá lórí gíláàsì. Bí ó bá ń dúró fúnra rẹ̀ ní àárín gbùngbùn, bí ẹni pé ó já sí kòtò kékeré, àwọn ọmọ irin inú bẹ́árìn náà ti gbẹ́ ihò sí ojúkò wọn nítorí ọdún tí wọ́n ti fi ń rìn tààrà. Fífún nọ́ọ̀tì rẹ̀ kò ní wo èyí sàn. Ẹ pààrọ̀ bẹ́árìn náà pẹ̀lú àwo òkè àti ti ìsàlẹ̀ papọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yí táyà kí ẹ wo bóyá ó ń rìn sọ́tùn-ún sósì, kí ẹ sì fi sípánà kékeré kan sípóòkù lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tó dún gbọ̀ọ́ láàárín àwọn tó ń dún kín-ín ni ó ti dẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gíga ìdí ni ó kàn, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ kà dáadáa. Bí ẹ bá fi ojú inú fa ìlà tààrà láti inú ọrùn alùpùpù wá sílẹ̀, ìlà yẹn yóò kan ilẹ̀ díẹ̀ níwájú ibi tí táyà iwájú ti tẹ ilẹ̀. Àlàfo kékeré tó wà láàárín ojú méjèèjì yìí ni ó ń mú kí táyà iwájú máa tẹ̀lé ọrùn lẹ́yìn, bí ewúrẹ́ tí a fi okùn fà ṣe ń tọ ẹni tó di okùn mú, tí ó fi ń tún ara rẹ̀ ṣe bí òkúta bá gbá a kúrò lójú ọ̀nà. Lára irú àwọn alùpùpù kékeré báyìí, àlàfo náà sábà máa ń wà láàárín mìlímítà 75 sí 95. Láti àárín táyà iwájú dé àárín ti ẹ̀yìn kò jìnnà ju nǹkan bíi mìlímítà 1,200 lọ, nítorí náà bí ẹ bá gbé ẹ̀yìn ga ní mìlímítà 50, gbogbo ara alùpùpù yóò dojú kọ iwájú ní dígírì 2 àti ààbọ̀. Bí ẹ bá tún fa ọ̀pá iwájú sókè ní mìlímítà 25, ó ti di dígírì 3 àti ààbọ̀. Dígírì kọ̀ọ̀kan ń jẹ nǹkan bíi mìlímítà 6 nínú àlàfo yẹn, ìyẹn ni pé ohun tí mẹkáníìkì yín dábàá yóò gba mìlímítà 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kúrò. Ẹ ó rí i pé hándù á yá kánkán, ẹ ó sì gbádùn rẹ̀ láàárín ọjà Ṣakí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá já sí òkúta kéékèèké lójú ọ̀nà Ìṣẹ́yìn pẹ̀lú eré díẹ̀, táyà kò ní lágbára tó láti tún ara rẹ̀ ṣe. Òun ni mo ṣe sọ pé gbígbọ̀n yóò le sí i.

Ìdí gíga kò sì dá wá, ó ní àwọn ohun tó ń bá a rìn. Sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ́ńjìnnì, ìyẹn irin eléyín tó ń fa ṣéènì, wà níwájú ibi tí suwíǹgáàmù ti so mọ́ ara, nítorí náà ṣéènì máa ń le jù lọ nígbà tí sípírọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ojú ìsomọ́ yẹn àti àárín táyà ẹ̀yìn bá wà lórí ìlà kan. Bí ẹ bá gbé ìdí ga tí ẹ kò sì tún ṣéènì wọ̀n nígbà tí ẹnì kan jókòó lórí síìtì, ó lè dà bí ẹni pé ó dẹ̀ dáadáa nígbà tí alùpùpù dúró, kí ó wá le gangan nígbà tí ẹ bá gbé èèyàn sẹ́yìn, kí ó sì ba bẹ́árìn gíà jẹ́. Ṣéènì náà yóò tún máa rìn sún mọ́ orí suwíǹgáàmù, yóò máa fi irin ha irin. Sítáńdì ẹ̀gbẹ́ yóò kúrú jù, alùpùpù á dagun bí ẹni tó fẹ́ ṣubú, ti àárín kò sì ní gbé táyà kúrò nílẹ̀ mọ́. Iná iwájú á máa wo ẹsẹ̀ yín dípò ọ̀nà.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀kì tuntun tí gígùn rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti àtètèkọ́ṣe. Láti àárín ihò òkè dé àárín ihò ìsàlẹ̀ ni a ti ń wọn gígùn ṣọ́ọ̀kì, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ bá ti yọ ọ́, ẹ má fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á láti fojú bù. Ó ṣeé ṣe kí ó yà yín lẹ́nu bí ìdí alùpùpù yóò ṣe ga tó pẹ̀lú ìyẹn nìkan, nítorí pé láti ọjọ́ tí ẹ ti mọ̀ ọ́n ni ó ti rì. Bí ó bá ṣì wù yín kí ó gòkè sí i, ẹ lè wá èyí tó fi mìlímítà 20 gùn, kí ẹ sì fi ọ̀pá iwájú sílẹ̀ bó ṣe wà. Èmi fúnra mi kì í kọjá 25 lórí CG, kò sì sí oníbàárà tó lè bẹ̀ mí títí kí n fi gbà. Àwọn kan máa ń gba ṣọ́ọ̀kì Bajaj Boxer lò. Ó lágbára, ó sì wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ẹrù àti èrò ni a ṣe sípíríǹgì rẹ̀ fún, bí ẹ bá sì ń dá gùn ún, yóò máa ju yín sókè. Ohun kan tí n kò ní gbà yín láyè láé ni irin pẹlẹbẹ tí àwọn wẹ́dà máa ń so mọ́ ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì láti fi gbé e ga. Bóòtù tó wà níbẹ̀ kò wà fún irú ìgbáralé bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa tẹ̀, ọjọ́ tí yóò bá ṣẹ́, lórí eré ni.

Láti mọ̀ bóyá sípíríǹgì bá ìwọ̀n ara yín mu, ẹ ní kí ẹnì kan wọn gíga láti àárín táyà ẹ̀yìn dé etí síìtì nígbà tí alùpùpù wà lórí sítáńdì àárín, kí ó sì tún un wọ̀n nígbà tí ẹ bá jókòó lé e. Ìyàtọ̀ méjèèjì yẹ kí ó jẹ́ ìdá mẹ́rin sí ìdá mẹ́ta gbogbo ìrìn ṣọ́ọ̀kì náà. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ yí ìdè ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì sókè ní ìpele kan.

Ní ti táyà, ẹ kọ́kọ́ lọ ka ohun tí a kọ sára ríìmù àti sára táyà tó wà níbẹ̀. CG125 ìgbà yẹn wà tí ríìmù iwájú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 18 tí ti ẹ̀yìn sì jẹ́ ínṣì 17. Bí ti yín bá rí bẹ́ẹ̀, 100/90-18 kò lè wọ ẹ̀yìn rárá. Ká tiẹ̀ ní 18 ni méjèèjì, nọ́ńbà 100 yẹn ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà, 90 sì túmọ̀ sí pé gíga rẹ̀ jẹ́ ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà. Táyà 100/90 ń béèrè ríìmù tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 2.15, ó kéré tán. Ríìmù CG tóóró ju èyí lọ, táyà tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínṣì 2.75 tàbí 3.00 ni ó wà fún, tàbí 90/90 bí fífẹ̀ inú ríìmù ẹ̀yìn bá jẹ́ ínṣì 1.85. Bí ẹ bá fi tipátipá wọ èyí tó sanra, ríìmù yóò fún ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀, orí rẹ̀ yóò sì yọ ṣóńṣó, tó fi jẹ́ pé ibi tó ń kan ilẹ̀ kò ní pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó sanra lójú, kò di ilẹ̀ mú sí i. Ẹ tún wo èyí: táyà 100/90-18 fi nǹkan bíi mìlímítà 40 ga ju 2.75-18 lọ láti orí dé ìdí, nítorí náà iwájú tí mẹkáníìkì yín fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, táyà náà yóò gbé e padà sókè ní mìlímítà 20. Lẹ́yìn, yóò máa ha àpótí ṣéènì àti ọ̀pá bíréèkì.

Ohun tí èmi yóò wọ̀ ni 2.75-18 síwájú àti 3.00 sẹ́yìn, tàbí 90/90-18 sẹ́yìn bí ríìmù bá gbà á, kí ẹ sì rí i pé àlàfo tí ìka ọwọ́ lè gbà kọjá wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Eyín ńláńlá tí ẹ ń fẹ́ wúlò nínú ẹrẹ̀ àti lórí yàǹgì, n kò ní bá yín jiyàn, nítorí mo mọ ọ̀nà Òkè-Ògùn nígbà òjò. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀dà tó tutù, orí eyín nìkan ni ó ń kan ilẹ̀, bíréèkì onídùrọ́ọ̀mù kò sì ní agbára tí ẹ lè fi ṣòfò. Bí ìrìn yín bá jẹ́ ìdajì ọ̀dà ìdajì yàǹgì, ẹ ra èyí tí eyín rẹ̀ sún mọ́ra, tí àárín rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ so pọ̀. Bí oko ni ẹ ń lọ lójoojúmọ́, ẹ wọ eléyín ńlá, kí ẹ sì mọ̀ pé ẹ gbọ́dọ̀ máa dín eré kù lórí títì.

Ẹ má ra táyà láìka ọjọ́ orí rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin wà ní ìparí àmì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT lára rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019. Táyà tokunbọ tí eyín rẹ̀ ṣì pọ̀, tó sì ti lo ọdún mẹ́wàá, rọ́bà rẹ̀ ti le bí igi, ojú kò lè rí i àfi bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ padà tí ẹ rí ilà wẹ́wẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ra túùbù tuntun mọ́ ọn, ẹ sì jẹ́ kí fọ́kanáísà fi géèjì wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀ dípò kí ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́: nǹkan bíi 25 psi síwájú, 28 sẹ́yìn bí ẹ bá dá wà, kí ẹ fi kún ti ẹ̀yìn dé bíi 32 bí ẹ bá gbé èèyàn. Nígbà tí wọ́n bá ń dá táyà ẹ̀yìn padà, ẹ dúró tì wọ́n títí wọn yóò fi so irin tó di àwo bíréèkì mú, pẹ̀lú pín-ìnnì rẹ̀, nítorí bí ìyẹn bá bọ́, àwo náà yóò yí mọ́ táyà lọ́jọ́ tí ẹ bá tẹ bíréèkì líle.

Bí owó kò bá tó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́árìn ọrùn, búṣìn àti táyà ni kí ẹ fi ṣáájú, kí ọ́ìlì àti síìlì iwájú tẹ̀ lé e, kí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn wá kẹ́yìn. Lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, ẹ gùn ún lójú ọ̀nà kan náà kí ẹ tó fọwọ́ kan òmíràn, kí ẹ lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ohun kan wà tí n kò lè fi lẹ́tà mọ̀, òun ni ara irin alùpùpù náà gan-an. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ ibi tí orí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ti so mọ́ irin lábẹ́ síìtì, àti ìsàlẹ̀ ọrùn níbi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, kí ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Bí ẹ bá rí ìlà tóóró tí ìpẹtà pupa ń yọ níbẹ̀, irin ti ń sán nìyẹn, ẹ má gùn ún mọ́. Ẹ ya àwòrán ibẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí wẹ́dà kankan tó fọwọ́ kàn án.